Alágbẹ̀dẹ ìbọn ẹ̀tù ní ilẹ̀ Ìgbómìnà

Alágbẹ̀dẹ ìbọn ẹ̀tù ni oníṣẹ́ irin tó ń tún ìbọn tí a ń ki ẹ̀tù dúdú sí ṣe. Ní gúúsù Kwara, ní àwọn ìlú bí Àjàṣẹ́-Ìpo, Òrò, Èsìé, Òmù-Àrán àti Ìsánlú-Ìsìn, ṣakabùlà ni ìbọn náà, ọwọ́ ọdẹ ló sì ti wọ́pọ̀ jù. Ní ilẹ̀ òkèèrè, iṣẹ́ yìí kan náà kan rìfọ́fà ẹ̀tù, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ tó ní àgbá kékeré kan tó ń yí, tí ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà wà nínú rẹ̀ fún ẹ̀tù àti ọta. Àwọn ìbọn méjèèjì yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ọ̀kan tún ṣe dáadáa yóò tètè lóye èkejì.

Ọ̀rọ̀ irin kì í ṣe tuntun níbí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ọ̀ràngún gbéra ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú ogbo, àdá tí Odùduwà fún un, pé àdá yìí ló ń júwe ọ̀nà fún un, àti pé láti inú "Ogbo mi mọ̀nà" ni orúkọ Ìgbómìnà ti jáde. Ìbọn dé lẹ́yìn àdá. Àwọn òyìnbó ń fi orúkọ àwọn oníṣòwò Dẹ́nmáàkì pe ṣakabùlà, nítorí pé wọ́n wà lára àwọn tó ń tà á ní etíkun. Nígbà tí ogun Jálumi jà nítòsí Ìkirun ní 1878, tí Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìlá dojú kọ Ìbàdàn, ìbọn ti di ohun ogun gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ogun Kírìjí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, gba orúkọ rẹ̀ lára ìró ìbọn. Ibi tí ìbọn bá sì wà, ẹnìkan ní láti máa tún un ṣe.

Owú, ọmọ-owú, ẹmú, ẹwìrì àti fáìlì ni irinṣẹ́ ìpìlẹ̀ ní àgbẹ̀dẹ. Àwọn ohun tí ọdẹ sábà máa ń gbé wá kò ju mélòó kan lọ: sípíríǹgì tó ti rọ̀, òòlù ìbọn tó ti jẹ, ọmú tí kàápù (ìdérí kékeré tó ń ta iná sí ẹ̀tù bí òòlù bá gbá a) ń jókòó lé tó ti dí tàbí tó ti gbòòrò, ìdí onígi tó sán. Iṣẹ́ kéékèèké ni lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ bí sípíríǹgì bá rọ̀, òòlù kò ní gbá kàápù le tó, ìbọn lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó dún, nígbà tí ọdẹ ti gbà pé kò ní dún mọ́. Bí ihò ọmú bá gbòòrò ju bó ṣe yẹ lọ, iná á máa tú padà sí ojú ẹni tó yìn ín.

Báwo ni ọdẹ ṣe ń mọ alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́? Ẹnu àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́, ìbọn tí wọ́n sì tún ṣe ní ọdún méjì sẹ́yìn ni ó yẹ kó béèrè láti rí, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dán. Dídán kò fi nǹkan kan hàn. Ohun tí alágbẹ̀dẹ bá kọ́kọ́ ṣe nígbà tí wọ́n gbé ìbọn lé e lọ́wọ́ ló ń fi hàn jù. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò yọ kàápù bí ó bá wà níbẹ̀, yóò ti ọ̀pá ìkìbọn bọ ẹnu ìbọn títí yóò fi dúró, yóò sàmì sí i, yóò sì fi wọn ẹ̀yìn ìbọn. Bí ọ̀pá náà kò bá dé ìdí, ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀, kò sì ní sún mọ́ iná.

Lẹ́yìn èyí ló máa yẹ ara ọ̀pá irin ìbọn náà wò, pàápàá ìdí rẹ̀ níbi tí ẹ̀tù ń jókòó sí. Ṣakabùlà tí wọ́n fi ọ̀pá omi rọ sábà máa ń ní ojú ìsopọ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa ń là. Ọ̀pá tó ti wú kò ṣe é lù padà, irin rẹ̀ ti fà, okun rẹ̀ ti lọ. Èyí tó sán kò ṣe é jó pọ̀: ojú rẹ̀ á mọ́, àbùkù á wà lábẹ́. Alágbẹ̀dẹ gidi máa ń kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú owó tó wà nínú rẹ̀. Nínú gbogbo àmì, èyí ló tóbi jù.

Ní ti rìfọ́fà, Samuel Colt gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1836. Irú ti 1851 àti 1860 tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, pẹ̀lú ti Remington, ni àwọn ilé iṣẹ́ Ítálì bí Uberti, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, ń ṣe àfarawé rẹ̀ títí di òní. Ìbọn tuntun láti ilé iṣẹ́ máa ń nílò ọwọ́ alágbẹ̀dẹ nígbà mìíràn. Ihò àgbá gbọ́dọ̀ bá ẹnu ọ̀pá ìbọn dọ́gba rẹ́gí kí òòlù tó gbá. Irin kékeré tó ń dá àgbá dúró kò gbọ́dọ̀ tètè já sókè kan àgbá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa ha ara àgbá. Lára àfarawé Colt, irin àárín tí àgbá ń yí lé lórí máa ń kúrú nígbà mìíràn, kò ní kan ìsàlẹ̀ ihò rẹ̀, àlàfo tó wà láàárín àgbá àti ọ̀pá yóò sì máa yí padà bí wọ́n bá ṣe gbá èèkàn tó de ọ̀pá mọ́ ara ìbọn wọlé tó. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi fáìlì ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí irin tí a bá ti rẹ́ kúrò kò ṣe é dá padà.

Irú rìfọ́fà bẹ́ẹ̀ kò sí fún ará ìlú ní Nàìjíríà. Òfin ohun ìjà ti 1959 pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Gbogbo ìbọn ìléwọ́, títí kan àwọn tí ń lo kàápù, wà ní ọ̀wọ́ àkọ́kọ́, tí kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ní in láìgba àṣẹ Ààrẹ. Ṣakabùlà wà ní ọ̀wọ́ kẹta, òun náà ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Òfin kan náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni kàn máa rọ ìbọn tàbí kó máa tún un ṣe láìgba àṣẹ, nítorí náà ó yẹ kí ọdẹ béèrè ìwé alágbẹ̀dẹ bó ṣe ń béèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Púpọ̀ nínú ohun tó ń bọ́ sọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ ni ìpẹtà fà. Èérí ẹ̀tù dúdú máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó sì ń jẹ irin kíákíá, àgàgà lásìkò òjò. Omi gbígbóná ló ń fọ̀ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà wọ́n á nù ún gbẹ, wọ́n á sì fi òróró díẹ̀ pa á lára lọ́jọ́ tí wọ́n yìn ín gan-an.