Owó sìgá kò tán sí owó páálí

Bí mo bá bi amusìgá pé èló ló ń ná lórí sìgá, owó páálí kan ló máa ń dá lé mi lọ́wọ́. Màá wá fún un ní bébà àti bírò. Páálí onígi 20 kan lójúmọ́, páálí 365 lọ́dún nìyẹn. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 20 tí kò sì tíì jáwọ́ ní 50 ti ra páálí tó tó 10,950, ó ti fa igi 219,000. Ibi tí wọ́n bá ti fi owó páálí kan sọ ọ́ di púpọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ju bírò sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, owó oògùn ikọ́ kò sí nínú ìṣirò yẹn. Iṣẹ́ tí ìyàwó fi sílẹ̀ nítorí ọkọ tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, kò sí níbẹ̀ náà.

"Dókítà, mo ti dín in kù, ẹyọ kan péré ni lójúmọ́." Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń gbọ́ jù, òun náà ló sì ń tan àwọn èèyàn jù. Ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró máa ń dín kù dáadáa lóòótọ́. Ọkàn ni kò gba ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èéfín díẹ̀ ti tó láti mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dì, kí ara òpó ẹ̀jẹ̀ sì máa bàjẹ́. Àkójọ ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2018 fi hàn pé ewu àrùn ọkàn tí ẹyọ kan lójúmọ́ ń dá sílẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì ti ẹni tó ń mu 20. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ìdá kan nínú 20 ni, ẹ tún un rò.

Richard Doll, dókítà olùṣèwádìí ará Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa àwọn dókítà ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún 50 ọdún, láti 1951 (àwọn dókítà náà ń mu ún o!). Àwọn tí kò jáwọ́ fi nǹkan bí ọdún 10 kú ṣáájú àwọn tí kò mu ún rí. Ẹni tó jáwọ́ ní ọmọ ọdún 40 gba nǹkan bí 9 padà nínú rẹ̀. Ẹni tó dúró di 60 gba 3.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ téèyàn bá jáwọ́ ló máa ń le jù: inú á máa bí èèyàn, oorun kò ní wá. Nicotine, èròjà inú sìgá tí ọpọlọ ń wá, ló ń fà á, àwọn oògùn àlẹ̀mọ́ra àti ṣingọ́ọ̀mù tó ní nicotine nínú sì máa ń rọ̀ ọ́. Bẹ́ ẹ bá tún padà sí i, ẹ má torí ìtìjú sá fún wa. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jáwọ́ pátápátá ló ti kọ́kọ́ kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.