Òmìnira Amẹ́ríkà: kí ló dé tí wọ́n ṣì ń jà lórí ìtàn ẹ̀?

Ní March 2025, Trump fọwọ́ sí àṣẹ kan pé káwọn ibi ìtàn ìjọba má gbé nǹkan tó ń tàbùkù àwọn ará Amẹ́ríkà, òkú àti alààyè, síta mọ́. Ayẹyẹ ọdún 250 òmìnira tún wá kó sí i, ni ìbéèrè bá pọ̀. Ó yá.

Ọwọ́ ta ni wọ́n ti gbòmìnira?
Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa náà mọ̀ wọ́n.

Kí wá ni ìtàn tí wọ́n fi ń yangàn?
Pé kọ́lọ́nì 13 kọ̀ láti sanwó orí fún ìjọba tí wọn ò láṣojú nínú ẹ̀, wọ́n da tíì sómi ní Boston ní 1773, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1776 pé dọ́gbadọ́gba l'Ọlọ́run dá gbogbo èèyàn, Washington, olórí ogun wọn, sì lé Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Irọ́ ni?
Rárá o, gbogbo ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n ń fò ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Bíi ti Faransé, ọmọ ogun àti ọkọ̀ ojú omi wọn wà lára ohun tó jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì juwọ́ sílẹ̀ ní Yorktown ní 1781, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbọ́ báwọn kan ṣe ń sọ ọ́, ẹ máa rò pé Washington nìkan ló dá a jà.

Ọ̀rọ̀ ẹrú ńkọ́?
Ibi tó ń ta wọ́n lára gan-an nìyẹn. Jefferson tó kọ ọ̀rọ̀ dọ́gbadọ́gba yẹn ní ẹrú tó ju 600 lọ láyé ẹ̀. Ti Washington tiẹ̀ tún lárà nínú: ó ń ṣe ààrẹ ní Philadelphia, òfin Pennsylvania, ìpínlẹ̀ tí ìlú náà wà, sì sọ pé ẹrú tí wọ́n bá kó wá tó bá ti lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀ lè gba ara ẹ̀, ni bàbá bá ń kó wọn jáde kúrò ní ìpínlẹ̀ kí oṣù mẹ́fà tó pé, kó lè tún kíkà bẹ̀rẹ̀, ó sì kọ̀wé sí akọ̀wé ẹ̀ ní 1791 pé kí wọ́n wá àwáwí tí àwọn ẹrú ọ̀hún àti aráàlú ò fi ní fura. Ona Judge, ẹrú tó ń bá ìyàwó Washington wọṣọ, ò dúró. May 1796, bí wọ́n ṣe ń jẹun lọ́wọ́ ló jáde nílé, ó di New Hampshire, wọ́n wá a títí, kò padà. Àwọn tó ń gbèjà Washington á ní ó kọ ọ́ sínú ìwé ogún ẹ̀ pé kí wọ́n dá àwọn ẹrú òun sílẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ kò kan Ona, torí ogún ọkọ àkọ́kọ́ ìyàwó Washington lòun.

Ṣé ẹ̀yìn Gẹ̀ẹ́sì wá làwọn aláwọ̀ dúdú wà?
Àwọn kan. Ní 1775, Dunmore, gómìnà Virginia, ṣèlérí òmìnira fún ẹrú àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó bá wá jagun fún òun, ọ̀pọ̀ sì sá lọ bá a. Kì í ṣe àánú o, òun náà ní ẹrú nílé. Àwọn dúdú míì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, jà fún Washington.

Mo fẹ́ ṣe ìdánwò sítísìn, èwo ni kí n sọ?
Èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé. Tẹ́ ẹ bá fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ láti October 20, 2025, ìbéèrè 128 lẹ máa kà, wọ́n lè bi yín tó 20, 12 lẹ gbọ́dọ̀ gbà. Tí wọ́n bá bi yín ní ọjọ́ tí wọ́n tẹ́wọ́ gba ìwé òmìnira, ẹ sọ pé July 4, 1776, kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹ má lọ máa ṣàlàyé fún ọ̀gá immigration pé July 2 ni wọ́n dìbò fún òmìnira.