Paródì: kí ni Homer Simpson ń fi àáké wá lẹ́yìn ilẹ̀kùn?

Tíṣà ò tíì wọlé. Ọmọ kan dìde níwájú kíláàsì, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó yọ ikùn síta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú sọ̀rọ̀. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín: àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ìwé náà, kò tíì fojú kan tíṣà ọ̀hún rí.

Ohun tí wọ́n ń pè ní paródì kò ju ìyẹn lọ. Ẹnì kan mú iṣẹ́ tí ayé ti mọ̀, ìbáà ṣe fíìmù, orin tàbí ewì, ó sín in jẹ, ó wá yà síbi tí a ò fọkàn sí. Àsínjẹ ni èmi yóò máa pè é. Kì í ṣe olè jíjà o. Ẹni tó jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kò fẹ́ kí ẹ mọ ẹni tó ni ín. Asínnijẹ ní tirẹ̀, bí ẹ ò bá mọ ẹni tó ni ín, òfo ló ṣe.

Àwọn tó ń ṣe The Simpsons ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ọdọọdún. Kàtúùnù ni, ó ti wà lórí tẹlifíṣọ̀n Fox láti December 1989, ara àwọn èèyàn inú rẹ̀ sì yẹ́lò bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Homer ni bàbá, ọ̀lẹ tí kò lè ṣe kó má mu bíà. Marge ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé ilé ró. Bart, Lisa àti Maggie ni ọmọ wọn. Lásìkò Halloween, nígbà tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ń múra bí iwin tí wọ́n ń lọ gba súìtì láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n máa ń gbé àkànṣe kan jáde tó ń jẹ́ Treehouse of Horror, ìtàn kéékèèké mẹ́ta nínú ẹyọ kan. Àkọ́kọ́ jáde ní 25 October 1990. Ewì Edgar Allan Poe ti ọdún 1845, èyí tó dá lórí ẹyẹ ìwò, wà nínú rẹ̀: òṣèré James Earl Jones ń fi ohùn ńlá rẹ̀ ka ewì náà, orí Bart ló sì wà lọ́rùn ẹyẹ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Halloween? Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò kan ìtàn tó kù. Wọ́n lè pa Homer lónìí, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ ó tún bá a nídìí bíà. Gbogbo èèyàn sì ti mọ ìwà rẹ̀, nítorí náà wọn ò ní láti ṣe ju pé kí wọ́n gbé e sínú fíìmù ẹlòmíràn. Ní 1992 wọ́n fi í ṣe King Kong, ọ̀bọ ńlá inú fíìmù 1933. Ọ̀bọ ti fíìmù gun ilé gogoro New York dé ṣóńṣó. Homer ò tíì kúrò nílẹ̀ tán tí ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Èyí tó wù mí jù jáde ní October 1994. The Shining, fíìmù tí Stanley Kubrick ṣe ní 1980 láti inú ìwé Stephen King, ni wọ́n sín jẹ. Nínú fíìmù náà, òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Jack kó ìyàwó àti ọmọ lọ ṣọ́ hòtẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n tì pa nígbà òtútù. Orí rẹ̀ dàrú, ó gbé àáké. Kí ó tó gbé e, ìyàwó rẹ̀ yẹ ohun tó ń fi táìpù tẹ̀ wò, gbólóhùn kan náà ló bá láti òkè délẹ̀, lójú ewé lẹ́yìn ojú ewé. Marge náà yẹ táìpù Homer wò. Ohun tó bá níbẹ̀ ni pé ara Homer yá gágá. Ṣùgbọ́n mànàmáná kọ, ó wá rí ara ògiri: Homer ti kọ ọ́ kún ibẹ̀ pé àìsí tẹlifíṣọ̀n àti àìsí bíà ló ń ya òun ní wèrè. Mr. Burns tó ni ilé ló gé wáyà tẹlifíṣọ̀n, tó sì palẹ̀ bíà mọ́. Ohun tó ya Jack ní wèrè ṣòkùnkùn sí wa. Ti Homer, ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ ọ́n.

Ó kù síbi ilẹ̀kùn. Jack fi àáké dá ihò sí i, ó ti ojú bọ̀ ọ́, ó sì kí wọn bí wọ́n ṣe máa ń pe Johnny Carson jáde lórí ètò tẹlifíṣọ̀n alaalẹ́ rẹ̀. Homer fọ́ ilẹ̀kùn, ó pe Johnny: yàrá ṣófo. Ó fọ́ òmíràn, ó pe David Letterman, olóòtú ètò alẹ́ mìíràn: bàbá rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀, bàbá sì kí David pẹ̀lẹ́tù. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, orúkọ àwọn oníròyìn 60 Minutes ló ń kà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà yẹn ni ìyàwó àtọmọ tó figbe ta. Ọkùnrin tí wọ́n gba tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ ti di tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀! Ẹni tí kò mọ Carson kò ní rẹ́rìn-ín, bíi ti ọmọ tuntun inú kíláàsì ọjọ́sí.

Kàtúùnù yìí ni èmi kọ́kọ́ wò. Ọjọ́ tí mo wá rí fíìmù gan-an, níbi tí ẹlòmíràn ti ń fọwọ́ bojú, ẹ̀rín ló ń pa mí. Wọ́n ti bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Orúkọ tí wọ́n fún tiwọn ni The Shinning, wọ́n fi lẹ́tà kan kún un. Bart fẹ́ tún un ṣe fún Willie tó ń tọ́jú ọgbà, Willie ní kó dákẹ́, àbí ó fẹ́ kí wọ́n pè wọ́n lẹ́jọ́ ni? Àwàdà ni, àmọ́ ìdájọ́ tòótọ́ ti wáyé lọ́dún yẹn kan náà. Àwọn olórin 2 Live Crew sín orin Roy Orbison kan jẹ, àwọn tó ni orin náà pè wọ́n lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì sọ ní March 1994 pé títa tí wọ́n ń ta àsínjẹ nìkan kò sọ ọ́ di rírú òfin. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti Nàìjíríà, ti 2022, náà dárúkọ paródì mọ́ ohun tí a lè fi iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe, bó bá ṣáà ti wà níwọ̀n.

Wọn kì í dá ara wọn sí náà. Tí Halloween bá dé, ẹ máa wo orúkọ Matt Groening tó dá kàtúùnù náà sílẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kan lẹ́tà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n yí kan, wọ́n yọ kan: Matt ti di Bat, àdán.