Gúnnugún Kì Í Kú Léwe, Àmọ́ Ó Lè Tán

Ọdọọdún ni mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ ilé-ìwé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òbí wọn náà ń sọ ọ́: "Ẹranko kì í tán. Bí a bá pa lónìí, wọ́n á tún bí sí i." Ó máa ń dùn mí, nítorí ẹ̀rí wà lójú gbogbo wa. Ẹ lọ sí odò ẹran, kí ẹ gbójú sókè wo orí páànù. Nígbà tí mo wà ní kékeré, gúnnugún máa ń tò síbẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á na ìyẹ́ sóòrùn, wọ́n á máa dúró de alápatà. Lékeléke ni mo sábà ń rí níbẹ̀ báyìí.

Eku ló ń tàn wá jẹ. Oyún eku ilé kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ó lè bí mẹ́fà, méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní pẹ́ tí àwọn ọmọ náà á fi máa bí tiwọn. Ẹni tó pa ogún lọ́sẹ̀ yìí á tún máa gbọ́ ìró wọn lájà lóṣù tó ń bọ̀. Ó wá rò pé bí gbogbo ẹranko ṣe ń bí nìyẹn.

Ẹyin kan ṣoṣo ni gúnnugún ń yé lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tó bá jáde nínú ẹyin náà á lò tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ìtẹ́ kó tó fò, ó sì tún di ọdún mélòó kan kí òun náà tó yé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní 100 gúnnugún àgbà wà, tọkọtaya 50. Ẹyin 50 ló pọ̀ jù lọ́dún. Ká ní ìdajì di ẹyẹ tó fò, 25 nìyẹn, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló máa dàgbà. Bí ọdẹ àti májèlé bá wá pa àgbà 30 lọ́dún yẹn ńkọ́? Ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹyin pàápàá ò ní tó 50 mọ́. Ìbí ò lé ikú bá nìyẹn.

"Gúnnugún kì í kú léwe" là ń fi ṣàdúrà. Ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Ẹyẹ tí kì í bí púpọ̀, àìtètèkú ló fi ń gbé ìran rẹ̀ ró. Tá a bá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù ú kù?

Wọ́n ti rí i ní Íńdíà. Oògùn ìrora kan, diclofenac, ni wọ́n ń fún màlúù níbẹ̀. Gúnnugún tó bá jẹ òkú irú màlúù bẹ́ẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ á bàjẹ́. Láàárín 1992 sí 2007, irú gúnnugún kan níbẹ̀ fi ohun tó ju 99 nínú 100 dínkù. Ajá ìgboro ló gba ìdí òkú ẹran. Ìjọba fòfin de oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn ní 2006, síbẹ̀ ẹyẹ náà kò tíì padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀.

N kò sọ pé ohun kan ṣoṣo ló ń pa tiwa. Àwọn kan ń mú un tà fún oògùn ìbílẹ̀, májèlé ń pa á, igi tó ń tẹ́ ìtẹ́ sí náà ń tán. Èyí tó pọ̀ jù lè yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń fi májèlé pa eku tàbí ajá dìgbòlugi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju òkú rẹ̀ sórí ààtàn. Ẹ gbẹ́lẹ̀ kí ẹ sin ín, nítorí ibẹ̀ ni gúnnugún ti ń wá oúnjẹ.