Gígun òkè àti ìrìn ìgbafẹ́ ní Òkè-Ògùn

Òkè-Ògùn ni à ń pe apá àríwá àti ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí àwọn òkè olókùúta ti yọrí láàárín ilẹ̀ ọ̀dàn. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Ìsẹ́yìn, Ṣakí, Òkèhò, Ìgbòho, Kíṣí àti Ìgbẹ́tì wà lára àwọn ìlú ńlá rẹ̀. Àwọn tó ń lọ ṣe fàájì níbẹ̀ máa ń gun àpáta, wọ́n máa ń wo ahoro ìlú àtijọ́, wọ́n sì máa ń wọ igbó ọba lọ wo ẹranko. Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn ìlú tí ó rọrùn láti gbéra lọ síbẹ̀. Nínú gbogbo òkè agbègbè náà, ti Adó-Àwáyè ni òkìkí rẹ̀ kàn jù, nítorí Adágún Ìyákè tó wà lórí rẹ̀.

Bí àwọn òkè náà ṣe wáyé

Gíránáìtì ló pọ̀ jù nínú àwọn òkè yìí. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkúta yíyọ́ tó gbóná janjan gòkè láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò dé òkè eèpẹ̀ kó tó tutù, kó tó dì. Nítorí náà, wọn kì í ṣe òkè tó tú iná jáde rí, bí àwọn kan ṣe máa ń rò. Òjò, oòrùn àti odò ló ń jẹ ilẹ̀ tó bò wọ́n mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Níbi tí òkúta bá ti là púpọ̀, omi á ráyè wọ inú rẹ̀, á sì tètè di erùpẹ̀. Èyí tí kò là ni kò jẹrà, òun náà ló sì kù sókè tí à ń gùn lónìí.

Bí ilẹ̀ tó tẹ òkúta mọ́lẹ̀ bá ti kúrò lórí rẹ̀, òkúta náà á wú díẹ̀, èyí tó wà lókè pátápátá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Ìdí nìyí tí orí ọ̀pọ̀ òkè ibẹ̀ fi rí rogodo, tí pẹpẹ òkúta fẹ̀ǹfẹ̀ sì wà káàkiri ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹni tó bá fi igi gbá irú pẹpẹ bẹ́ẹ̀ lè gbọ́ ọ létí ara rẹ̀ pé abẹ́ rẹ̀ ṣófo. Àwọn òkúta ńláńlá tó dá dúró lórí àpáta, tí ó dà bíi pé ẹnì kan ló gbé wọn síbẹ̀, sábà máa ń jẹ́ ìyókù àwọn ìpele tó ti ṣí kúrò.

Ewéko tó ń hù lójú àpáta yẹ fún àfiyèsí ju bí àwọn àlejò ṣe máa ń fún un lọ. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lórí irú òkè báyìí jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Afrotrilepis pilosa, ewéko bíi koríko tó ń so mọ́ òkúta láìní ilẹ̀ kankan lábẹ́. Lẹ́ẹ̀rùn, ó máa ń gbẹ débi tí èèyàn á fi rò pé ó ti kú, ṣùgbọ́n bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, á tún tutù yọ̀yọ̀. Ó máa ń di erùpẹ̀ díẹ̀ mú sára, àwọn ewéko mìíràn á sì rí ibi hù sí. Ẹni tó bá fà á tu nígbà tó ń wá ohun tí yóò dì mú ti ba iṣẹ́ ọdún púpọ̀ jẹ́. Ní ìsàlẹ̀ òkè, igi emi àti igi irú ló wọ́pọ̀.

Òkè Adó-Àwáyè

Adó-Àwáyè wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn, ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ìlú Ìsẹ́yìn fúnra rẹ̀. Orí òkè ni àwọn ará ìlú ń gbé láyé ogun kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ òkè. Àtẹ̀gùn tí a fi sìmẹ́ńtì ṣe ni wọ́n ń gbà gùn ún báyìí. Iye tí a sábà máa ń gbọ́ ni 369. Lẹ́yìn àtẹ̀gùn, ojú àpáta gbalaja ló kù.

Lórí òkè, òkúta Ìṣágẹ wà níbẹ̀, òkúta ńlá kan tó nàró lórí àpáta láìsí ohun tó dì í mú lójú. Nínú ìgbàgbọ́ àwọn ará ìlú, ó ní ohun tó pa òun àti òjò pọ̀, wọ́n sì máa ń fi aṣọ funfun wé e nígbà tí ọ̀dá bá pọ̀ jù. Àwọn ihò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà náà wà níbẹ̀. Lórí àwọn òkè tí èèyàn ti gbé rí, irú ihò bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ oríṣi méjì. Èyí tó gùn gbọọrọ tí inú rẹ̀ ń dán sábà máa ń jẹ́ ojú ọlọ àtijọ́. Èyí tí etí rẹ̀ kò dọ́gba, omi ló sábà máa ń gbẹ́ ẹ.

Adágún Ìyákè wà nínú kòtò kan lórí àpáta náà. Wọ́n ní kì í gbẹ, wọ́n ní kò nísàlẹ̀, pé ẹni tó bá kó sínú rẹ̀ kì í padà wá; a kì í sì í wẹ̀ nínú rẹ̀. Ní ti ọ̀nà tí omi fi débẹ̀, gíránáìtì tí kò là kì í fa omi. Òjò tó bá rọ̀ sórí òkè á ṣàn lọ síbi tó bá jìn, omi tó dúró síbẹ̀ á sì máa jẹ òkúta tó yí i ká, tí kòtò á fi máa fẹ̀ sí i. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi tí àpáta ti là ló jẹ́ kí ti Ìyákè tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ló ń sọ pé méjì péré ni irú adágún yìí ní gbogbo ayé, pé èkejì wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà. Ó yẹ ká fi ìṣọ́ra gba ọ̀rọ̀ náà. Hanging Lake ti Colorado wà létí àfonífojì Glenwood, òkúta funfun tó ń dì láti inú omi ìsun ló sì mọ odi yí i ká. Ìyákè kò ní irú odi bẹ́ẹ̀. Kòtò omi orí àpáta ló jọ jù, irú èyí tó wà lórí ọ̀pọ̀ òkè gíránáìtì ní Áfíríkà àti Ọsirélíà. Bó ṣe tóbi àti bí omi ṣe ń pẹ́ nínú rẹ̀ tó ni ohun àrà tó wà níbẹ̀. Omi kékeré mìíràn tí wọ́n ń pè ní Ìyá Aláró tún wà lórí òkè kan náà.

Àwọn òkè mìíràn

Òkè Àsabàrí ni wọ́n fi ń ki Ṣakí. Ní Ìgbẹ́tì, Òkè Ìyámàpó ló gbajúmọ̀, a sì ń wa mábù ní agbègbè ìlú náà. Ní Òkèhò, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 1916 tí àwọn ará Ìsẹ́yìn àti Òkèhò fi kọ ìṣàkóso òyìnbó, àwọn ará ìlú kúrò ní ibùdó wọn àárín òkè, wọ́n sì tẹ̀dó síbi tí ìlú wà báyìí ní 1917. Ibùdó àtijọ́ náà ni Òkèhò Ahoro.

Igbó ọba Ọ̀yọ́-Ilé

Ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́-Ilé fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Igbó ọba méjì ló para pọ̀ di ọgbà náà: ti Òkè Odò Ògùn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1936, àti ti Ọ̀yọ́-Ilé, ní 1941. Wọ́n di igbó ẹranko ní 1952, wọ́n sì di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1991. Ẹfọ̀n, ìgalà àti ọ̀bọ wà níbẹ̀. Ahoro olú-ìlú àwọn Aláàfin, tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín ọdún 1830 sí 1839, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìyókù odi rẹ̀. Ìlú Ọ̀yọ́ ni ọ́fíìsì àgbà ọgbà náà wà, ní Ìsokùn, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí àlejò ti béèrè ọ̀nà àti ààbò. A kì í dá wọ inú ọgbà láìsí ẹ̀ṣọ́. Adágún ìsédò Ìkéré, lórí Odò Ògùn, kò jìnnà. Àwọn apẹja ló ń lò ó jù.

Àkókò àti ọ̀nà

Oṣù kẹwàá ìparí sí oṣù kọkànlá ló dára jù láti wo òréré, nítorí òjò ti fọ ojú ọ̀run, ọyẹ́ kò sì tíì dé. Láti oṣù kejìlá lọ, ọyẹ́ àti èéfín igbó jíjó máa ń bo ojú. Nígbà òjò, ewédò máa ń bo ojú àpáta, ó sì ń yọ̀ gan-an. Mànàmáná tún ni ewu mìíràn fún ẹni tó bá wà lórí òkè gbalasa. Àárọ̀ kùtù ni ká gòkè, kí àpáta tó gbóná, pẹ̀lú bàtà tó di ilẹ̀ mú àti omi tó tó. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà náà kò ní àmì kankan, nítorí náà ọmọ ìlú ló ń mú àlejò lọ, òun náà ni yóò sì sọ èèwọ̀ ibẹ̀.

Láti Ọ̀yọ́, ọ̀nà Ìsẹ́yìn gùn tó nǹkan bí 35 kìlómítà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn lè gba ọ̀nà Mọníyà sí Ìsẹ́yìn, tó jẹ́ nǹkan bí 65 kìlómítà. Ní Ìsẹ́yìn, àwọn tó ń hun aṣọ òkè wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yà.