Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kò já mọ́ nǹkan kan nínú orin ìjìnlẹ̀ Íńdíà

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ olórin khayal, irú orin ìjìnlẹ̀ kan láti àríwá Íńdíà, tó gbọ́ bó ṣe ń fa “a” kan ṣoṣo gòkè sọ̀kalẹ̀, kò ní ṣàì rò pé ohùn nìkan ni gbogbo iṣẹ́ náà, pé ọ̀rọ̀ kàn ń wọ́ tẹ̀lé e ni. Àwọn tó ń kọ́ orin yìí pàápàá máa ń sọ ọ́: ṣáà ti jẹ́ kí rágà rẹ, ìyẹn ìlànà ohùn orin, tọ́, ta ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀? Irọ́ tó ń ba orin jẹ́ ni.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ ṣá. Nínú alap, níbi tí olórin ti ń ṣí rágà payá kí ìlù tó wọlé, kò sí ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀. Àwọn olórin dhrupad, irú orin ìjìnlẹ̀ àríwá mìíràn, a máa lo “ri”, “na”, “nom”, “tom”. Bandish, ìyẹn orin kúkúrú tí khayal dúró lé lórí, kì í sábà ju ìlà mẹ́rin lọ, olórin sì lè fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kíkéré tí ọ̀rọ̀ kéré gan-an ló mú kó wúwo. Lẹ́yìn gbogbo àrà tí olórin bá dá, orí gbólóhùn àkọ́kọ́ ló máa padà sí kó tó balẹ̀ lórí sam, ìlù kìíní nínú tálà, ìyẹn àyípo ìlù tó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Bó bá ti lọ́ gbólóhùn yẹn po, ìgbàkígbà tó bá padà síbẹ̀ ni olùgbọ́ máa gbọ́ àṣìṣe kan náà. Àwọn olórin ìran Agra, ilé ẹ̀kọ́ orin khayal kan, tilẹ̀ ní iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní bol baant: wọ́n á pín ọ̀rọ̀ bandish sórí ìlù lónírúurú ọ̀nà. Kọ́ńsónáǹtì ló ń ṣe iṣẹ́ ọ̀pá ìlù níbẹ̀. Bí kò bá mú, iṣẹ́ náà kò sí mọ́.

Èyí kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, Sharngadeva, onímọ̀ orin ní Íńdíà, to àléébù olórin 25 sínú ìwé Sangita Ratnakara. Pípa eyín pọ̀ kọrin wà lára wọn, fífi imú kọrin wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tí kò yé olùgbọ́.

Lápá gúúsù Íńdíà, ọ̀rọ̀ tún lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èdè Telugu ni Tyagaraja (1767–1847) fi kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú kriti rẹ̀, ìyẹn orin ìjìnlẹ̀ gúúsù tó ní ọ̀rọ̀, Sanskrit, èdè àtijọ́ Íńdíà, ni Muthuswami Dikshitar, akọrinsílẹ̀ bíi tirẹ̀, ń lò jù. Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń ta veena, ohun èlò orin olókùn, tí kò la ẹnu rárá: orí sílébù ọ̀rọ̀ orin ló ti ń ta okùn. Bí kò bá mọ ọ̀rọ̀, kò lè mọ ibi tí yóò ti ta á. Nínú niraval, olórin á mú ìlà kan, á máa yí ohùn rẹ̀ padà, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò ní ibi tó wà nínú tálà.

Ó rọrùn fún àwa Yorùbá láti ṣi èyí lóye. Lọ́dọ̀ wa, bí ohùn orin bá tako ohùn ọ̀rọ̀, ọkọ́ lè di ọkọ̀. Hindi, Telugu àti Sanskrit kò rí bẹ́ẹ̀. Olórin lè gbé sílébù lọ sókè sódò, ìtumọ̀ kò yí. Ohun tó ń yí i ni gígùn fáwẹ̀lì àti èémí tó ń tẹ̀lé kọ́ńsónáǹtì. Ní Hindi, “din” tí i rẹ̀ kúrú ni ọjọ́. “Dīn” tí i rẹ̀ gùn ni òtòṣì, orúkọ tí olórin máa ń pe ara rẹ̀ níwájú Ọlọ́run. “Pal” ni àkókò kúkúrú gan-an, “phal” ni èso. Ẹni tó bá ń ka Telugu tàbí Sanskrit nínú álífábẹ́ẹ̀tì Tamil, èdè mìíràn ní gúúsù Íńdíà, tún ní wàhálà tirẹ̀: lẹ́tà kan ṣoṣo ló dúró fún k, kh, g àti gh, ìdí nìyẹn tí ìwé orin fi ń kọ nọ́ńbà kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà. Ẹni tó bá fojú fo nọ́ńbà yẹn ti ṣìnà.

Nítorí náà, kí ẹni tó ń kọ́ ọ má tíì kọrin. Kó jẹ́ kí ẹni tó ni èdè náà kà á sókè fún un, kó fi ìlà sórí fáwẹ̀lì gígùn, kó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan parí sí, torí Sanskrit a máa so ọ̀rọ̀ pọ̀, ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ á sì mí sí àárín ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kó máa sọ ọ́ lẹ́nu lásán bó ṣe ń fi ọwọ́ ka tálà. Fún adi tala tó ní ìlù mẹ́jọ: àtẹ́wọ́ kan, ìka mẹ́ta láti orí ọmọńdinrín, lẹ́yìn náà àtẹ́wọ́ àti yíyí ọwọ́ padà, lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí sílébù kọ̀ọ̀kan bá jókòó sáyè rẹ̀ ló tó kọ ọ́ lórin. Kó pe kọ́ńsónáǹtì ní kíákíá lórí ìlù, kó la ẹnu sí fáwẹ̀lì lójú ẹsẹ̀. Orí fáwẹ̀lì gígùn ni kó ti máa dá àrà. Bó bá dá a sórí i kúkúrú, “din” ti di “dīn” nìyẹn. Bó bá fà “ai” ti Telugu tàbí Sanskrit, kó dúró lórí “a”, kó tó fi “i” pa á dé níparí. Kó má ṣe tètè pa ẹnu dé sórí m tàbí n, torí imú ni ohùn máa gbà jáde.

Kó wá gba orin náà sórí fóònù, kó gbé e fún ẹni tó gbọ́ èdè náà ṣùgbọ́n tí kò rí ọ̀rọ̀ orin rí, kó ní kó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Ibi tó bá ti kọ nǹkan mìíràn ni kí ó padà sí, ní sísọ, kó tó tún kọ ọ́ lórin.