Bí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ilé wa ṣe lè dín owó dísẹ́ẹ̀lì àti èéfín kù

Ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn nílẹ̀ Yorùbá ló jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n ní, torí ọjọ́ Sunday tàbí Jímọ̀ ni wọ́n sì ṣe rà á, ìgbà tí fáànù, AC àti sípíkà á máa ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Jẹnẹrétọ̀ yìí kan náà ni wọ́n tún máa ń tàn tí ọmọ kwáyà mẹ́jọ bá wá dánra wò lálẹ́ Thursday, tí gbogbo ohun tí wọ́n nílò ò sì ju gílóòbù mẹ́fà, fáànù mẹ́ta àti keyboard kan lọ. Ibí yìí gan-an lowó ti ń jò jù, ìjọ ò kàn rí i ni.

Ẹ wò ó báyìí. Jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì 20 kilowatt máa ń jó nǹkan bíi lítà 6 ní wákàtí kan tí ẹrù ẹ̀, ìyẹn àpapọ̀ ohun tó ń jẹ iná lórí ẹ̀, bá kún. Tó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ẹrù yẹn ló gbé, èèyàn á rò pé lítà kan ààbọ̀ ló máa jó, àmọ́ ó máa ń lé ní 2, torí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi epo yí ara ẹ̀ àti fáànù tó ń tù ú kó tó wá fún ẹnikẹ́ni níná. Tí ẹrù bá wá kéré ju ìyẹn lọ, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó, dísẹ́ẹ̀lì ò ní jó tán, èyí tí ò jó yẹn á di èérí dúdú nínú sàlẹ́ńsà, mẹkáníìkì á wá gba owó tiẹ̀ náà.

Èéfín ńkọ́? Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan máa ń tú nǹkan bíi kílò 2.7 káábọ́ọ̀nù dàíọ́síìdì sáfẹ́fẹ́, ti pẹtiróòlù jẹ́ bíi 2.3. Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu torí lítà dísẹ́ẹ̀lì kan fúnra ẹ̀ ò tó kílò kan, àmọ́ tó bá ń jó, káábọ́ọ̀nù inú ẹ̀ máa ń fa ọ́síjìn látinú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ibẹ̀ ni ìwọ̀n tó lé yẹn ti wá.

Torí náà ohun tó yẹ kí ìjọ kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n ya ìpàdé kékeré kúrò lára ìsìn ńlá. Kwáyà lè bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí ojú ọjọ́ ṣì mọ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n ra inverter kékeré àti bátìrì fún ìpàdé àárín ọ̀sẹ̀. Kí wọ́n pe oníná kó pín wáyà inú gbọ̀ngàn náà sí ọ̀nà ọ̀nà, torí gbọ̀ngàn míì wà tó jẹ́ súìṣì kan ṣoṣo ló ń tan fáànù méjìlá, èèyàn márùn-ún á jókòó síwájú, fáànù á máa fẹ́ bẹ́ǹṣì òfìfo lẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ká dín ẹrù fúnra ẹ̀ kù, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ sólà rárá. Ká ní fáànù 40 ló wà nínú gbọ̀ngàn, tí ìkọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 75, pẹ̀lú iná gígùn 60 tó ń jẹ wáàtì 40, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 5,400. Tí wọ́n bá pààrọ̀ fáànù sí irú DC tó ń jẹ nǹkan bíi 30, tí wọ́n sì pààrọ̀ iná sí LED wáàtì 18, ó di 2,280. Ìmọ́lẹ̀ ò dín, atẹ́gùn ò dín. Kò di dandan kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà o, èyí tó bá ti bàjẹ́ ni kí wọ́n máa fi tuntun rọ́pò. Ooru inú gbọ̀ngàn, orí páànù ló pọ̀ jù ti ń wá, sílìn dáadáa àti fèrèsé tó kọjú síra máa ń jẹ́ kí AC di ohun téèyàn lè pa tì fún apá tó pọ̀ nínú ọdún.

Sólà wá bá ilé ìjọsìn mu gan-an, ìdí ẹ̀ ni pé ọ̀sán ni ìsìn tó tóbi jù máa ń wáyé, Sunday láti àárọ̀, Jímọ̀ ní bíi aago kan sí méjì, ìgbà tí oòrùn mú jù lọ. Iná máa ń bọ́ látorí páánẹ̀lì sínú fáànù tààrà, bátìrì tó wọ́n jù nínú gbogbo ẹ̀ ò ní pọ̀. Ohun tó ń mú kí owó sólà ga ni AC àti fíjìlì, torí òru tí oòrùn ò sí ni fíjìlì, bátìrì ló máa gbé e. Ní Vatican, páánẹ̀lì tó lé ní 2,000 ni wọ́n tẹ́ sórí gbọ̀ngàn Paul VI lọ́dún 2008, mọ́ṣáláṣí Koutoubia nílùú Marrakech ní Morocco tó ti wà láti ọ̀rúndún kejìlá náà ti ń lo sólà. Ìyókù ọ̀sẹ̀ tí gbọ̀ngàn bá ṣófo, iná yẹn lè máa fa omi sínú táǹkì tàbí kó lọ sílé pásítọ̀.

Ọ̀rọ̀ omi yìí ṣe pàtàkì ní mọ́ṣáláṣí, torí ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni ìrun, omi àlùwàlá tó ń ṣòfò lẹ́nu ẹ̀rọ, iná ló fà á jáde látinú kànga. Bútà kan tó èèyàn kan ṣe àlùwàlá dáadáa. Kí wọ́n máa fa omi lọ́sàn-án, kí omi inú táǹkì tó wà lókè máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀ ní Àsùbá àti Ìṣáì.

Nílé, láti April 2024 tí owó iná Band A, ìyẹn ti àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún bíi ogún wákàtí lójúmọ́, ti gòkè láti bíi náírà 68 sí 225 fún unit kan, kálukú ti ń wo mítà. Lára ohun tó ń jẹ unit jù ni àwọn ohun tó ń gbóná: áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùrù, hítà omi. Ká lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sàn ju ká máa lọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan láràárọ̀. Kí rọ́bà ilẹ̀kùn firísà lẹ̀ dáadáa, tí firísà ò bá sì kún kí wọ́n fi ike omi dí àyè tó kù, torí omi dídì máa ń pa òtútù mọ́ tí iná bá lọ. Nídìí ààrò, ẹ̀wà tó ti sùn nínú omi mọ́jú máa ń tètè jinná, ìkòkò tí wọ́n dé lórí ò ní jẹ gáàsì tó èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀.

Owó LED tàbí fáànù DC lè wọ mọ̀lẹ́bí kan lọ́rùn, àmọ́ ìjọ ti ní kọ́párétífù tàbí ẹgbẹ́ àjọ, wọ́n lè rà á ní páálí kí mẹ́ńbà máa san án díẹ̀díẹ̀. Bátìrì ni kí wọ́n fara balẹ̀ yàn o: olómi ò fẹ́ kí wọ́n lò ó kọjá ìdajì kó tó gba iná padà, lithium lè lọ jìnnà ju ìyẹn. Kí wọ́n yan ẹnì kan tí á máa kọ iye lítà tí wọ́n rà, wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ fi ṣiṣẹ́ àti ohun tí wọ́n lò ó fún, kí ìgbìmọ̀ ka ìwé yẹn lóṣooṣù kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó dísẹ́ẹ̀lì míì.